Láàárín Lé àti Dín

Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti ń fọ Alákíà láti ìdájí.
Omi dúró lójú ọ̀nà bàálù bí ẹni da dígí sílẹ̀.
Èrò méjìdínláàádọ́ta ló wà lẹ́yìn wa.
Ìyá kan ń di bẹ́líìtì mọ́ ọmọ rẹ̀, mo gbọ́ ẹkún ọmọ náà
kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Èmi Ọláníhùn, ọmọ bíbí Lábíran,
mo ká ìwé ọ̀nà ìgbéra, mo fi itan tẹ̀ ẹ́.
Ta ni yóò fi ìwé júwe Ìbàdàn fún mi?
Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán wọn ìlú yìí
kí n tó fi apá bàálù wọ̀n ọ́n.
Mo mọ òkè tó ga, mo mọ èyí tó ń díbọ́n.

Akínlọ́tan ló wà nílé ìṣọ́ lọ́jọ́ náà,
ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ ọkùnrin, ọ̀rẹ́ mi láti iléèwé.
Òyìnbó ló yẹ kó sọ. Yorùbá ló sọ:
"Gba iwájú tààrà. Ó di ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba
kí o tó yà sósì. Ọ̀nà á dára o."
Òjò ń lu òrùlé. Rédíò ń ta bí epo gbígbóná.
Dín ni mo gbọ́.
Ó yẹ kí n tún un kà fún un, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan,
bí ọmọ iléèwé tí tíṣà dúró tì.
Mo rẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi" ni mo sọ.

Ìbíwùmí ń wò mí láti ìjókòó ọ̀tún.
Ọdún méjì péré ló ti ń fò.
Ó ti ka ìwé tí mo jókòó lé.

A gbéra. Ìkùukùu gbé wa mì ní ẹgbẹ̀rún kan.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n alákàn kò wọnú ìkùukùu rí.
Níbẹ̀, etí rẹ á ní o ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbà tó o wà ní gbọọrọ,
ìdí rẹ á ní ò ń gòkè nígbà tó ò ń sọ̀kalẹ̀.
Abẹ́rẹ́ inú aago nìkan ni kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn,
kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ̀rún méjì ó dín igba. Mo yí ọwọ́ sósì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tó."
Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ fún bàbá pé bọ́tìnnì rẹ̀ tú.
Mo ní mo mọ̀.
"Sà, ìwé ní kí ẹ..."
Mo gbé ọwọ́ sókè,
ọwọ́ tí àgbà fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́.

Ìgbà náà ló pè mí ní ìwọ.
"Ọláníhùn! Tọ́ apá rẹ! O fẹ́ẹ́ pa wá!"
Ìwọ. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jù lọ.
Ọwọ́ mi ti tọ́ ọ kí inú tó bí mi.
Ìkùukùu là díẹ̀ lápá òsì:
òpó irin kan, iná pupa ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀,
ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ìpẹtà lára rẹ̀.
Nígbà tí mò ń gun òkè yẹn lọ já gúáfà,
irin kankan ò sí níbẹ̀.

Irinwó ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín lé àti dín.

Ní Àbújá, ìyá ọlọ́mọ yẹn kí mi: ẹ kú iṣẹ́, ẹ wà á dáadáa.
Nígbà tó ku àwa méjì, Ìbíwùmí kúnlẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó mi.
"Ẹ má bínú, sà."
Mo wá ohun tí mo lè sọ, n kò rí i.
Mo yọ ìwé náà lábẹ́ itan, ó ti rún, òógùn ti rin ín.
Mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà àkọ́kọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé.
Bí òjò bá ń rọ̀ tí bàálù sì gbéra láti Alákíà,
màá jáde sí bàràńdà, màá máa fọkàn ka bó ṣe ń ga.
Ìyàwó mi ní kí ni mò ń kà.
Mo ní n kò ka nǹkan kan.
Ó di ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba
kí n tó wọlé.