Yàrá Tí Kò Ní Ewé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbin òdòdó sínú agolo mílíìkì,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú.
Ọyẹ́ ló jó àkọ́kọ́ gbẹ.
Ewúrẹ́ Alájì Kàmáldíìnì, onílé wa, ló jẹ èkejì kan gbòǹgbò,
ó tún dúró, ó ń wojú mi, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Ẹ̀kẹta, ẹ má bi mí.
Kànga wa ní Pákátà, omi rẹ̀ kò tó wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀rùn,
áḿbọ̀sì ká máa bù ú fún ewé tí a kò ní í sè.

Mo jáwọ́.
Yàrá kan, fèrèsé kan,
ògiri funfun bí aṣọ nọ́ọ̀sì.
Bí mo bá ta jí lóru,
màá kọ́kọ́ wá abẹ́rẹ́ lára apá mi.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo relé, ní Ìsánlú-Ìsin.
Ìdí odò ni mo gbà lọ kí n tó kí ẹnikẹ́ni.
Odò ti fà, ó fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ níta.
Mo ṣa òkúta mẹ́sàn-án,
wọ́n wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹyin awó.
Mo fa ẹ̀ka igi òrí kan yọ nínú yanrìn,
omi ti bó o láwọ̀, oòrùn ti sá a funfun.
Ojúọlápé, àbúrò ìyá mi, gbé ẹní iko kan lé mi lórí,
èyí tó hun gbẹ̀yìn kí ojú rẹ̀ tó fọ́.
Ó ní, "Má ká a jọ o.
Ẹní tí a bá ká, kòkòrò ní í jogún rẹ̀."

Awakọ̀ ní kí n san owó ẹrù fún òkúta.
"Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?"
Mo ní ilé ni.

Alájì ti kìlọ̀: ìṣó kankan kò gbọdọ̀ wọ ògiri òun.
N kò kan ìṣó.
Ẹ̀ka fara ti igun ilé bí ẹni tó rin ọ̀nà jínjìn dé.
Ẹní dùbúlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé.
Mo ra ìkòkò kan lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Òkèlele,
iná ti sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan di dúdú, èkejì pọ́n bí èèpo igi;
wọ́n ní àbùkù ni, wọ́n bu owó rẹ̀ kù.
Wọn ò mọ̀ pé àbùkù yẹn gan-an ni mo rà.
Inú rẹ̀ ni mo kó òkúta sí.
Aṣọ sányán ìyá ìyá mi, tí eku ti jẹ létí,
ni mo fi ta fèrèsé.
Kòkòrò ló kọ́kọ́ ni aṣọ yẹn,
lórí igi, nínú igbó, kí ẹnikẹ́ni tó ran òwú rẹ̀.
Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá,
gbogbo yàrá di àwọ̀ odò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún.

Sàráfátù yọjú láti yàrá kejì,
ó wo ìkòkò, ó wo òkúta, ó wo igi gbígbẹ,
ó fà sẹ́yìn:
"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń ṣe oògùn fún?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.
Mo ní kó jókòó sórí ẹní. Ó bọ́ bàtà.
Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ohun tí kì í ṣe ìṣe Sàráfátù.
Lẹ́yìn náà ló ní,
"Òórùn oko bàbá mi ní Àfọ́n ló wà lára ẹní yìí."

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé gbogbo wọn ti kú.
Igi yìí kò ní í rúwé mọ́.
Òkúta, bó ti wù kó jọ ẹyin tó, kò ní í pa.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ti ibi iṣẹ́ dé,
ẹ̀gà kan wà nínú ilé.
Akọ ni, pupa rúsúrúsú,
ó bà sórí ẹ̀ka bí ẹni tó ti ń san owó ilé níbẹ̀ tipẹ́.
Ó wò mí. Ó fò balẹ̀.
Ó fi ẹnu mú iko kan létí ẹní Ojúọlápé,
ó fà, ó fà, iko já,
ó gba abẹ́ sányán jáde.
Ó tún padà wá.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà léjìká mi,
mo ń ka iye tó kó lọ.
Lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn mọ́sálásí, ìtẹ́ kan ń gbòòrò.

Ẹní mi ti ń tú létí báyìí.
N kò tíì ti fèrèsé.