Láti Oókan Dé Aárùn-ún

Agogo mẹ́ta òru ni mo tó ráyè ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọn,
lẹ́yìn tí mo yí Ọ̀gbẹ́ni Ogden sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì,
tí mo fa búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀.
"Láti oókan dé aárùn-ún,
báwo ni iṣẹ́ wa ṣe tẹ́ yín lọ́rùn sí?"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ni mo tú u sí ti ilé wa,
ló bá di ọ̀rọ̀ ọrùn mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo fọwọ́ kan tèmi.
Ó ṣófo.

Ilé ìtọ́jú kò gbà ká wọ ṣéènì síṣẹ́,
inú agolo kọ́sítádì ni ti Màmá ń sùn
ní gbogbo òru tí n kò bá sùn.
Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní Oldham,
ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ṣáájú kí mi káàbọ̀.
Agolo ti dùbúlẹ̀ gbalaja,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé.

Mo pè wọ́n. Ogójì ìṣẹ́jú ni fèrè fi ń fọn sí mi létí.
"Ẹ má tíì gbálẹ̀, à ń bọ̀."
Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fo àfọ́kù dígí lọ gbé omi tíì kaná.

Ọmọbìnrin tó dé lọ́jọ́ karùn-ún
kò dàgbà ju Mọ́radékẹ́ mi lọ.
Ó ya fọ́tò tán, ó bá mi ṣa dígí sínú páálí.
Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pe Fẹ̀yìntọlá;
ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta fẹ́ jọ ọ́.
"Èló ni ṣéènì náà?"
N kò lè dáhùn.
Ó ti bírò rẹ̀ pa, ó ní,
"Ẹ sọ̀rọ̀ ìyá yín fún mi."
Rédíò àyà rẹ̀ ń pè é, ó ń pè é. Kò dìde.

Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà lórí káàdì.
Lẹ́yìn náà, lẹ́tà: a ti pa fáìlì yín dé.
Wọn ò rí olè. Ká sòótọ́, n ò rò pé wọ́n wá a.

Ṣé kí n tẹ aárùn-ún nítorí ọmọ yẹn,
kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa fi yangàn?
Àbí kí n tẹ oókan, kí wọ́n lọ fi bá òun wí?
Èyí tí mo bá fẹ́ tẹ̀, kì í tẹ́ mi.

Aago bẹ́ẹ̀dì dún. Mo sọ fóònù sápò.
Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé, mo ti dúró tì í.
"Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"
"Èmi ni," mo ní. "Mo ti dé."