Ìdáríjì Ọdún Méjì

Mẹ́tàdínlógójì ọdún ni mo fi kọ káàdì l'Órítamẹ́fà:
orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ẹ̀sìn.
Nítorí náà mo mọ bí ìwé ṣe ń sọ̀rọ̀.
Ìlà tó bá tín-ín-rín jù ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Ìbídùnní fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi.
Mo wọ awò, mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún un wọ̀.
Òfin wọn lọ́hùn-ún rèé, bó ṣe là á fún mi:
ẹni tó bá fi irú físà tirẹ̀ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tán,
kó padà sílé fún ọdún méjì gbáko.
Àfi bó bá gbà láti lọ síbi tí dókítà kì í fẹ́ẹ́ lọ,
kó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀;
wọn á wá fi ọdún méjì yẹn jì í.

Fi jì í.
Ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí léyín bí òkúta inú ẹ̀wà.
Ta ló ṣẹ̀? Kí ló ṣe?
Ṣé ilé wá di ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń yọ ọmọ mi kúrò nínú rẹ̀ ni?

Nẹbráskà ni wọ́n gbé e lọ,
àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì,
ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rìndínlógún.
Wọn ò lè pe Ìbídùnní tán. "Ìbí" ni wọ́n ń pè é,
wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dárúkọ.
Bàbá àgbẹ̀ kan gbé ẹyin méjìlá wá dúpẹ́,
ìyẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi.
Mo wo ọwọ́ bàbá náà. Ó sán bíi tèmi.
Mi ò rí i bínú sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí dókítà kì í fẹ́ẹ́ lọ, ṣé èmi ò mọ̀ ọ́n ni?
Ibẹ̀ ni mò ń gbé.
Abà Olókùúta, béèyàn bá kọjá Ọmí-Àdió,
kó yà níbi páìpù tó ti ń dà láti ìgbà ìdìbò.
Àgádágodo yàrá dókítà ti dípẹtà; ewúrẹ́ ń bímọ sí fàráńdà.
Ọjọ́rú ni dókítà ń bọ̀, bí epo bá wà,
bí òjò ò bá rọ̀,
bí òun náà ò bá tíì gba físà.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ìyàwó Músílíù bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá.
Nọ́ọ̀sì Tinúọlá nìkan, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.
Mo pe Ìbí. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn.
"Dádì, ẹ gbé fóònù sún mọ́ wọn.
Antí, ẹ fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, lábẹ́ ìdodo,
ẹ rà á títí yóò fi le bí ọsàn àìpọ́n. Lẹ́yìn náà..."
Bátìrì kú.
A ò gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn náà.
Tinúọlá ṣáà ń rà á. Ó rà á títí àkùkọ fi kọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo tó rí jẹnẹrétọ̀ fi fóònù sí.
Aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò jẹ́ kó dún tán. Kò kí mi.
"Ṣé ó le? Dádì, ṣé ó le?"
Mo ní ó le. Mo ní ìyá ìkókó ti mu ògì.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Ó ku oṣù mọ́kànlá kí ọdún mẹ́ta rẹ̀ pé.
Àwọn ará abà ń bi mí bóyá yóò wálé.
Mo ní ohun tó bá yá a ni kó ṣe. Ìlàjì rẹ̀ lòótọ́.
Ta la wá fẹ́ kọ lẹ́tà sí
tí yóò fi jì í, kó wálé?

Mo jí káàdì kan gbé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì,
ó wà nínú àpótí mi.
Mo ti kọ àdúgbò sí i: Abà Olókùúta.
Níwájú "dókítà", mi ò tíì kọ nǹkan kan.
Bírò náà ṣì ń yọ dáadáa.