Ìgò Lójú Fèrèsé

Kí ẹ tó bi mí: mo gbọ̀n ọ́n.
Ìgò kejì ló máa ń sùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ a jókòó sídìí;
mo gbá a mọ́ etí tábìlì, mo gbọ̀n ọ́n títí apá fi ro mí,
mo kán an sínú omi, ẹ̀kán mẹ́jọ,
mo sì fi aago ọwọ́ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún
bí mo ti ń dúró ní yàrá sáyẹ́ǹsì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
tí mo ń fọ ìgò fún àwọn ọmọ tó di dókítà.

Yẹ́lò.
Káàdì ní yẹ́lò ni àlàáfíà.
Ṣùgbọ́n àwọn ẹja wà lókè omi nínú àpótí gíláàsì,
ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé,
bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn tí orúkọ rẹ̀ ti sọ nù lẹ́nu ẹ̀.

Káàdì ni mo gbà gbọ́.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, méjì ti dojú ikùn sókè:
onírù funfun, àti abilà tó máa ń lé òjìji ọwọ́ mi.

Múfútáù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló gbé ìgò náà wá láti òkè òkun
lọ́dún tí wọ́n la títì wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí.
Mo tò wọ́n sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà
nítorí wọ́n rẹwà níbẹ̀,
oòrùn ń gba inú wọn kọjá ní gbogbo ọ̀sán.
Ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí ìgò, àtàǹpàkò mi ti nù ún nù:
oṣù ló kù, kò sí ọdún.

Ṣùkúrátù, ọmọ ẹlẹ́ja yíyan, wò ó, ó wò mí.
"Bàbá, bóyá ó ti ẹ̀sìpáyà."
Mo ní kì í ṣe wàrà.
Ó ní, "Ẹ wá dán an wò."
Ojú tì mí. Ohun tí mo máa ń sọ fún tíṣà tuntun nìyẹn:
ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí ẹ mọ̀ dán ohun tí ẹ ó fi mọ̀.

Ó sáré lọ bu omi nínú garawa ìyá rẹ̀,
omi ìfọ̀fun ẹja, ọjọ́ kẹta,
tí eṣinṣin ń ṣèpàdé lórí rẹ̀, tí ológbò ń yà fún.
Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ka ẹ̀kán. Mo dúró.
Ó yẹ kó di àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́.
Yẹ́lò.
Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgò tó bá kú kì í pariwo, kì í rùn.
Omi mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni; omi òkú, bẹ́ẹ̀ ni.
Mo mọ èèyàn tó rí báyìí. N ò ní dárúkọ.
Ọdọọdún nìjọba ń pè mí kí n wá fi ara hàn
pé n ò tíì kú, kí owó ìfẹ̀yìntì tó wọlé;
mo máa ń bínú lọ. Èmi ò sì pe ìgò lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo pààrọ̀ ìdajì omi láì bi káàdì.
Mẹ́ta tó kù rọra sọ̀ kalẹ̀ sídìí òkúta.

Tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ fìlà mi,
mo fi bírò kọ ọjọ́ tí mo ṣí i sórí puláàsítà.
Àwọn òkú ṣì wà lójú fèrèsé, wọ́n ṣì rẹwà.
Garawa ẹlẹ́ja ni mo kọ́kọ́ fi dán tuntun wò:
ewé, ewé kíkí, kó tó pé ìṣẹ́jú kan.
Òórùn yẹn gba ilé kan, inú mi sì dùn sí i.