Òpó Keje

Ogún òpó ni mo fà sínú ìwé ìṣúná,
ọdún kan, òpó kan,
láti orí òjò tó ń bọ̀ yìí
títí dé òjò tí yóò pa ewú orí mi.
Ẹ̀rọ amúlétutù wa ní Lilongwe ti kú láti Oṣù Kẹjọ.
Mo ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sára,
mo ń fi ìka kan tẹ òǹkà.

Ìkíní: owó irúgbìn, owó ike omi,
owó olùkọ́ iṣẹ́ oko àti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀.
Ìkejì: owó ṣáá.
Ìkẹta: ewúrẹ́ ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ tún un gbìn.
Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà:
igi ń dàgbà, kò bẹ ẹnikẹ́ni.
Òpó keje ni kóró makadémíà àkọ́kọ́ yóò já bọ́,
gbì,
sórí ilẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún gbé tábà pọ̀n.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi hàn,
Eteleya Nkhunga, àgbẹ̀ tábà ní Ntchisi.
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dúdú, ọṣẹ ò ràn án mọ́.
Ewé tó sá ló san owó iléèwé mi
títí mo fi dé ìdí tábìlì yìí.
Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi òǹkà rẹ́ ẹ jẹ.
Ó ń fi èékánná kọjá lórí òpó, lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dúró lórí ìkẹta.
"Kí la ó jẹ níbí?"
Mo ní, ẹ̀pà láàárín igi, Màmá, àti ẹ̀wà,
ìjọba yóò sì san ìdajì.
"Ìjọba wo?
Èyí tó wà lórí oyè, àbí èyí tí ìbò yóò gbé dé?"
Mo ká ìwé mi.
"Wọ́n ní ayé ti ń fi sìgá sílẹ̀. Mo gbọ́.
Ní gbọ̀ngàn gbànjo lọ́dún tó kọjá,
bélì mẹ́rin ni wọ́n dá padà fún mi,
òjò pa wọ́n lọ́nà ilé.
Èmi fẹ́ yí padà.
Ikùn ni kò mọ̀ pé ayé ń yí."

Oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ jókòó.
Ọ̀gá wa, Zakeyo Mtambalika, mú bírò pupa.
Ìjì ti gbé afárá méjì lọ,
ajílẹ̀ ti gbówó lórí,
ìbò ku oṣù mẹ́rìnlá.
Kì í ṣe ìkà. Ó mí kanlẹ̀ kó tó fa ìlà:
ó gé ìkẹta, ó gé ìkẹrin,
ó gé ìkarùn-ún, ó gé ìkẹfà,
ó ní ká fi ìkeje sílẹ̀,
nítorí ìkeje ló ní èrè,
ìkeje ló máa dùn létí àwọn aṣòfin.

Mo ní: Ọ̀gá, òpó keje yìí,
orí kí ni yóò dúró lé?
Ẹnu mi ló sọ ọ́, àyà mi ló já.
Ẹnì kan wúkọ́.
Ó wò mí bí ẹni ń wo òǹkà tí kò bára mu.
"Ṣé o mọ iye tí afárá kan ń jẹ?"
Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀.

Ìkẹta padà wá, ní ìdajì.
Ìkẹrin padà, wọ́n fi ìràwọ̀ sí i lórí,
nísàlẹ̀ ìwé wọ́n kọ ọ́ wínníwínní: bí owó bá wà.
Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ṣì wà lábẹ́ pupa.

Ìparí Oṣù Kọkànlá, òjò dé.
Ìyá mi yá fóònù aládùúgbò, ó pè mí.
"Mo ti gbin ogójì," ó ní,
"apá kan tábà, apá kan igi.
Sọ fún àwọn èèyàn rẹ pé mo ti san tèmi."
Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù rẹ̀.
Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀,
ni mo bá ń ka ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ọdún,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
fóònù já.