Ọwọ́ Atẹ̀wé

Ọjọ́rú ni wọ́n ń pe tọkọtaya ní ilé ìwòsàn Ṣómólú.
Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti lọ, tàdáwà ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Nọ́ọ̀sì Adékúnbi ò bú ẹnikẹ́ni.
Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn ìyàwó yín."

Ṣìjúadé fà sẹ́yìn díẹ̀,
bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára.
Gbogbo wa rí i.
Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni,
pé ọ̀rọ̀ owó ilé ló fà á.
Ẹnu mi wúwo.

"Oṣù keje rèé, ọmọ ti ń gbọ́ ohùn yín."

Ó gbọ́ tàná nìyẹn.

Mo na àtẹ́lẹwọ́, mo dá a dúró lófuurufú.
"Ṣé kí n gbé e lé e?"
Ó wo tàdáwà náà.
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.