Gbèsè Oorun

Ọgọ́ta yúnífọ́ọ̀mù ló wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọlé.
Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀ ní Ìsọ̀kun,
èmi àti láńtà àti ẹ̀rọ ìránṣọ la jọ kù.

Mo gbé omi sórí sítóòfù.
Mo já kooko ọba lẹ́yìn ilé, mo gún atalẹ̀,
mo rin obì gbànja méjì sí i.
Ó pọ́n bí àgbàrá ojú títì,
ó korò dé gbòǹgbò ahọ́n.

Kí n má purọ́, ó ṣe mí lóore.
Orí tó ń fọ́ mi láti ìrọ̀lẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́,
mo rí ihò abẹ́rẹ́ bí ẹni rí ẹnu ọ̀nà,
ọrùn ẹ̀wù mọ́kànlá kí àkùkọ tó kọ.
Mo ní, ta ló tún ń bẹ̀rù oorun?

Òṣómàáló ni ìyá-ìyá mi fẹ́.
Ó ní bí ọkọ òun bá ń tàwìn, ẹ̀rín ló fi ń tà á:
á ká aṣọ fún ọ, á kí ọ, á kí àwọn ọmọ rẹ,
owó ńkọ́? Ó di oṣù tó ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé,
ẹnu ọ̀nà rẹ ni yóò lóṣòó sí,
kò ní bú ọ,
kò ní dìde.

Òru kẹrin ni tèmi pé.
Mo parí iṣẹ́, mo pa láńtà, mo dùbúlẹ̀.
Ẹnìkan lóṣòó sí mi láyà, kì-kì-kì, kì-kì-kì.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ẹní bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.
Mo ka igi àjà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní so rọ́bà mọ́ mi lápá.
"Ìfúnpá yín ga, Mọ́mì. Kí lẹ ń mu?"
Mo ní àgbo ni. Ewé lásán.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ewé náà ni tábà."
Kò ní kí n dà á nù o.
Ife kan, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀,
bí ọ̀sán bá ti yẹ̀, kó yẹ̀ pẹ̀lú ife.
Ti Ròńkẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó lóyún oṣù márùn-ún,
ó ní kó má tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Àṣé àárẹ̀ tí mo rò pé ó ti lọ,
ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló wà, tó ń kọ iye sílẹ̀.

Lálẹ́ yìí mo ń san án díẹ̀díẹ̀.
Obì kan ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀, láàárín bọ́tìnnì.
Ó ń wò mí.
Mo kẹ̀yìn sí i, mo fa aṣọ borí.